Mò ń san mínímọ̀ọ̀mù lórí káàdì kírẹ́díìtì mi: ṣé mo lè rí owó yá ra ilé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Káàdì kírẹ́díìtì méjì ni mo ní, gbèsè sì wà lórí méjèèjì. Mi ò pẹ́ sanwó rí, àmọ́ mínímọ̀ọ̀mù, ìyẹn iye tó kéré jù tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ìṣirò oṣù pé kí n san, ni mo máa ń san. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má san gbèsè náà tán, pé kí díẹ̀ máa ṣẹ́kù níbẹ̀ kí máàkì kírẹ́díìtì mi lè máa gòkè. Mo fẹ́ tọrọ ẹ̀yáwó ilé ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí i. Ṣé kí n máa bá a lọ báyìí ni, àbí kí n san gbogbo rẹ̀ kí n sì ti káàdì kan pa?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tẹ̀lé ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín. Bí agbára bá ká a, ẹ san gbèsè náà tán, ṣùgbọ́n ẹ má ti káàdì kankan pa títí owó ilé yóò fi jáde.

Ohun méjì ni ayánilówó ń wò, ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ọ̀kan ni máàkì, tó ń sọ bí ẹ ṣe ń ṣe sí gbèsè látẹ̀yìnwá. Èkejì ni owó tó ń wọlé fún yín lóṣù, àti èyí tí gbèsè ti ń gbà kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó ń san mínímọ̀ọ̀mù lásìkò lè dúró dáadáa níbi àkọ́kọ́, kó wá kọsẹ̀ níbi ìkejì. Ibẹ̀ gan-an ni mo rí i pé ẹ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo máàkì. Máàkì FICO tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ láti 300 dé 850. Ìtàn bí ẹ ṣe ń sanwó ló kó ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, iye gbèsè tó wà lọ́rùn yín kó 30, bí àkọsílẹ̀ yín ṣe pẹ́ tó kó 15, gbèsè tuntun kó 10, oríṣi gbèsè tí ẹ ní sì kó 10 tó kù. Orílẹ̀-èdè mìíràn lè ní ìṣirò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìsanwó lásìkò àti ìwọ̀n gbèsè ló sábà máa ń wúwo jù.

Pé ẹ kò pẹ́ sanwó rí, ohun ńlá ni, ẹ má ṣe jẹ́ kó bọ́. Ní Amẹ́ríkà, bí owó bá fi ọjọ́ kan pẹ́, ìtanràn lè tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ó dìgbà tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé ẹ pẹ́. Bó bá ti wọ ibẹ̀, ọdún méje ni yóò lò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́fà ni. Ojú àpá kì í jọ ojú ara: agbára rẹ̀ ń dín kù bó ṣe ń pẹ́ sí i, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí ẹ ń tọrọ owó ilé máa ń le gan-an. Nítorí náà, ẹ ní kí báǹkì máa yọ mínímọ̀ọ̀mù fúnra rẹ̀ lóṣooṣù gẹ́gẹ́ bí ààbò, kí ẹ wá máa fi ọwọ́ ara yín san ìyókù.

Ìwọ̀n gbèsè ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ méjì ló wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí wọ́n ń pa ìṣirò oṣù dé, àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé, tó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Iye tó bá wà lọ́rùn yín lọ́jọ́ tí ìṣirò parí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ káàdì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè. Ká ní gbèdéke káàdì kan, ìyẹn iye tó pọ̀ jù tí ẹ lè ná lórí rẹ̀, jẹ́ 5,000, ẹ sì ti ná 4,000. Bí ẹ bá dúró di ọjọ́ ìsanwó kí ẹ tó san gbogbo rẹ̀, tí kò sì sí gbèsè àtẹ̀yìnwá lórí káàdì náà, ẹ kò ní san èlé kankan, ṣùgbọ́n 80% ni àkọsílẹ̀ yóò gbé jáde. Bí ẹ bá san 3,700 kí ìṣirò tó parí, 300 péré ni yóò hàn, ìyẹn 6%. Ọjà kan náà, owó kan náà. Ọjọ́ tí ẹ san án nìkan ló yàtọ̀. Ẹ fi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ ṣáájú, torí owó kì í fi gbogbo ìgbà wọlé lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé kí ìlò, ìyẹn ìdá tí ẹ ti ná nínú gbèdéke, má kọjá 30%. Kò sí ògiri kankan níbẹ̀. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó, èyí tí kò tó 10% sì sàn jù. Wọ́n ń wo káàdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún ń wo àpapọ̀ gbogbo wọn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ti ṣì. Òótọ́ ni pé ó yẹ kí káàdì máa ṣiṣẹ́ kí nǹkan lè hàn nínú ìwé ìṣirò. Ṣùgbọ́n kí nǹkan hàn nínú ìwé ìṣirò yàtọ̀ sí kí gbèsè wọnú oṣù tó ń bọ̀. Èyí tó wọnú oṣù tó ń bọ̀ kò fi máàkì kankan kún tiyín, èlé nìkan ló ń bí. Pàápàá, láti 2016 ni ètò tí Fannie Mae, ilé-iṣẹ́ tó ń ra ẹ̀yáwó ilé lọ́wọ́ àwọn ayánilówó, fi ń yẹ ìwé ẹ̀yáwó ilé wò ní Amẹ́ríkà ti ń wo ìtàn oṣù mẹ́rìnlélógún lórí káàdì: ó ń rí ẹni tó ń san gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù, ó sì ń rí ẹni tó ń san mínímọ̀ọ̀mù. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ dúró di oṣù kẹfà kí ẹ tó yí ìwà padà.

Ó wá kan ìwọ̀n owó tó ń wọlé, níbi tí mínímọ̀ọ̀mù ti ń pani lára jù. Ká ní 4,000 ló wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 8,000, èlé jẹ́ 24% lọ́dún, mínímọ̀ọ̀mù sì jẹ́ 3%. Ẹ óò san 240 lóṣù, èlé óò kó 160 nínú rẹ̀, 80 péré ni yóò dín ojú owó kù. Ayánilówó kò sì bìkítà pé 80 péré ni. 240 ni yóò kọ sílẹ̀ bí gbèsè oṣooṣù yín. Bí owó tó ń wọlé lóṣù bá jẹ́ 6,000, tí owó tí ẹ óò máa san lórí ilé lóṣù jẹ́ 1,800, tí ti ọkọ̀ sì jẹ́ 400, àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú 240 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 41% owó yín. Bí káàdì bá kúrò níbẹ̀, kò ní tó 37%.

Ẹ tún wò ó báyìí: ní èlé 6% fún ọgbọ̀n ọdún, 240 lóṣù tó láti san ẹ̀yáwó nǹkan bí 40,000. Gbèsè 8,000 ló ń dínà 40,000 mọ́ yín. Bí ẹ bá ti ń tọ́jú owó àsansílẹ̀ fún ilé, ó ṣeé ṣe kí sísan káàdì ṣe yín láǹfààní ju kí ẹ fi owó kan náà kún àsansílẹ̀ lọ. Ẹ ní kí ayánilówó bá yín ṣírò rẹ̀ lọ́nà méjèèjì, kí ẹ má sì gbá ilé owó yín gbẹ; wọ́n máa ń fẹ́ rí owó díẹ̀ nípamọ́.

Bí owó kò bá ká méjèèjì, èmi á ní kí ẹ kọ́kọ́ pa gbèsè káàdì tó kéré jù rẹ́ pátápátá, bí èlé ti èkejì tilẹ̀ fi díẹ̀ ga ju tirẹ̀ lọ. Torí ẹ̀yáwó ilé ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀: mínímọ̀ọ̀mù rẹ̀ yóò kúrò nínú ìṣirò lódindi.

Ẹ ṣọ́ra fún èlé àkẹ́yìn. Ẹni tó ti ń gbé gbèsè láti oṣù dé oṣù, bó bá san gbogbo iye tó wà nínú ìwé ìṣirò, èlé láàárín ọjọ́ ìṣirò àti ọjọ́ tó sanwó yóò tún yọjú lóṣù tó tẹ̀lé e. Ó lè má ju 40 lọ. Ẹni náà ti gbà pé òun ti bọ́, ó ti dá ìyọwó fúnra rẹ̀ dúró, kò wo ìwé mọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ pé, àpá ọdún méje sì dé nítorí 40. Ẹ béèrè iye tí yóò pa gbèsè náà rẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ san án gan-an, kí ẹ sì yẹ ìwé ìṣirò oṣù méjì tó bá tẹ̀lé e wò.

Ní ti títi káàdì pa: bí gbèdéke méjèèjì bá jẹ́ 5,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí 1,000 wà lórí ọ̀kan, 10% ni ìlò yín. Ẹ ti èkejì pa, ó di 20% lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìná kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kó wà, kí ẹ máa ra nǹkan kékeré lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà tì í fún yín torí àìlò.

Ẹ má gba káàdì tuntun, ẹ má sì ra àga tàbí ẹ̀rọ láwìn títí ìwé ilé yóò fi bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ayánilówó sábà máa ń tún àkọsílẹ̀ wò ní ọjọ́ díẹ̀ kí owó tó jáde, lẹ́yìn tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ayánilówó wé ara wọn, ẹ ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. FICO á ka gbogbo ìwádìí wọn sí ẹyọ kan.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gba àkọsílẹ̀ gbèsè yín. Experian, Equifax àti TransUnion ló ń tọ́jú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbà á lọ́dọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí gbogbo ilé-iṣẹ́ káàdì kọ́ ló ń ròyìn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ sì fi ẹ̀rí ìsanwó kún un; ìwádìí rẹ̀ sábà máa ń gba nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́, tí wọ́n bá sì kọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, nǹkan bí oṣù márùn-ún ni yóò ṣì kù kí ẹ tó tọrọ ẹ̀yáwó ilé, tí ẹ lè fi tún un béèrè.