Sẹ́ńsọ̀ ilé adìyẹ tó ń kọlu ara wọn lójú afẹ́fẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. A ní sẹ́ńsọ̀ ooru 200 nínú àwọn ilé adìyẹ wa. LoRa 868 MHz (rédíò tó ń fi agbára díẹ̀ ránṣẹ́ jìnnà) ni gbogbo wọn, gateway (ẹ̀rọ tó ń gba ohun tí wọ́n rán) oníkànnì kan ló sì ń gbọ́ wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rán báìtì 20. Nígbà tí tàwọn kan kò dé, a gbé gbogbo wọn sí SF12 (ìpele ìfiránṣẹ́ LoRa tó lọ́ra jù àmọ́ tó ń dé ọ̀nà jíjìn jù), a sì ní kí wọ́n máa tún un rán ní sẹ́kọ́ńdù márùn-ún márùn-ún títí gateway yóò fi dáhùn. Ńṣe ló tún burú sí i. Bí iná bá lọ tó bá tún dé, ó máa ń pẹ́ gan-an kí a tó rí ohunkóhun. Ṣé antẹ́nà tó lágbára ni ká rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì náwó sí antẹ́nà. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò bí páàkẹ́ẹ̀tì kan (ìdì ìròyìn tí sẹ́ńsọ̀ ń rán lẹ́ẹ̀kan) ṣe ń pẹ́ tó lójú afẹ́fẹ́. LoRaWAN, ìlànà ìfiránṣẹ́ orí LoRa, ń fi báìtì 13 kún 20 yín. Báìtì 33 lórí SF12 àti 125 kHz ń gba sẹ́kọ́ńdù 1.81. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 200, kí ẹ pín in sí sẹ́kọ́ńdù 600: ó jẹ́ 0.6. Èyí ni ẹrù ìkànnì, ìyẹn ìdá àkókò ìkànnì tí wọ́n fẹ́ lò. Ètò tí ẹni tó bá lọ́rọ̀ ti kàn ń sọ ọ́ láìgba àyè, èyí tí Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii pè ní ALOHA, kò lè gbé ju 0.184 lọ. Omi garawa mẹ́ta lẹ ń rọ sínú garawa kan.

Nínú ìgbìyànjú àkọ́kọ́, bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa dé. Àwọn 70 tó kù á padà wá bá àwọn tuntun lójú ọ̀nà, ìkànnì á tún há sí i, iye tó ń dé á tún lọ sílẹ̀. Kò lè padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Sẹ́kọ́ńdù márùn-ún yẹn ló sì burú jù: àwọn méjì tó kọlu ara wọn á jọ dúró, wọ́n á sì tún jọ kọlu ara wọn. Bí iná bá dé, gbogbo igba ló jọ ń lanu lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ dá wọn padà sí SF7, ìpele tó yára ju SF12 lọ. Páàkẹ́ẹ̀tì á di mílísẹ́kọ́ńdù 72, ẹrù á di 0.024, bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún á sì dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí kò bá dé nítorí ọ̀nà jíjìn nìkan ni kí ẹ gbé sókè, SF kan lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ gateway oníkànnì kan sábà máa ń gbọ́ SF kan péré, nítorí náà ẹ máa nílò oníkànnì mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni kí owó antẹ́nà yẹn lọ.

Bí sẹ́ńsọ̀ bá tàn, kí ó dúró fún àkókò àìlétò láàrin 0 sí 600 sẹ́kọ́ńdù. Ẹ fi DevEUI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí sẹ́ńsọ̀ méjì kì í jọ ní) ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ìṣírò àìlétò náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn á yàn. Bí ó bá kùnà, kí ó yan láàrin 0 sí 10 sẹ́kọ́ńdù, lẹ́yìn náà 0 sí 20, 0 sí 40, kí ó wá jù ú nù. Ta ló ń wá ooru àná? Ìkìlọ̀ ooru tó ga jù nìkan ni kí ẹ máa béèrè èsì fún, torí bí gateway bá ń dáhùn, etí rẹ̀ di sí gbogbo yòókù.

Kì í ṣe ìkọlù nìkan ló ń jẹ páàkẹ́ẹ̀tì o. Páànù òrùlé ń dá sígínà padà, ó sì ń pa á níbì kan. Lórí 868 MHz, ìgbì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35. Ẹ sún sẹ́ńsọ̀ tó ya odi ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20 kí ẹ tó bínú sí i. Lílọ-bíbọ̀ sígínà yìí sì lérè tirẹ̀: bí ọ̀kan bá fi 6 dB (bí ìlọ́po mẹ́rin agbára) ju èkejì lọ, gateway lè gbọ́ èyí tó lágbára nínú ìkọlù. Bí àwọn méjì bá dọ́gba ní àárín, tí sígínà kálukú sì ń ṣá bó ṣe wù ú, bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìkọlù ló ń yọ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n bí àwọn kan bá sún mọ́ gateway, àwọn náà lá máa borí ṣáá, àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun oko lá sì máa pẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ẹ ò rò pé ká pín àkókò fún wọn?

ÌDÁHÙN: Bí kálukú bá ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpín àkókò kan nìkan, ó ń sọ 0.184 di 0.368, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n aago sẹ́ńsọ̀ tó fi 20 ppm (ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan) ṣìnà á ti fi mílísẹ́kọ́ńdù 72 yẹ̀ láàrin wákàtí kan, ìyẹn odindi páàkẹ́ẹ̀tì SF7 kan. Gateway gbọ́dọ̀ máa tún aago wọn ṣe léraléra. Fún ẹrù 0.024, kò tọ́ sí wàhálà.