Ṣé oúnjẹ lẹ̀ ń wò ni, àbí ẹni tó ń sè é?

Ọ̀rọ̀ àwọn alásè orí tẹlifíṣọ̀n ló kún inú àpò lẹ́tà wa lóṣù yìí, mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀, mo kàn ṣa díẹ̀ níbẹ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n fi resípì kéèkì ránṣẹ́ sí yín, ẹ forí jì mí, ẹ ti ṣìnà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ẹjọ́ ọkọ mi ni mo fẹ́ wá fi sùn. Ọkùnrin tí ò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara ẹ̀, tó bá ti tibi iṣẹ́ dé báyìí rìmóòtù ló máa kọ́kọ́ mú, ètò ìdáná ló máa wò títí oorun á fi gbé e lọ, á máa mirí, á ní "háà, bọ́tà yẹn ti pọ̀ jù," bẹ́ẹ̀ ẹyin lásán kò lè dín. Mo ní kó wá bá mi gé àlùbọ́sà lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé mi ò rí i pé òun ń wo nǹkan ni. Kí ló ń wò gan-an ná? (Ìyàwó Olùwòran)

Ẹ rọra o, ìyàwó wa, nǹkan kan ò ṣe ọkọ yín, àwọn bíi tiẹ̀ pọ̀ lọ jàra, wọn ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Apá ìparí ọdún 1936 ni BBC bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 1937 wọ́n ti gbé ọmọ Faransé kan, Marcel Boulestin, síwájú kámẹ́rà pé kó máa dáná. Àwòrán dúdú-òun-funfun lásán ni o, kò sí àwọ̀, kò sí òórùn, síbẹ̀ àwọn èèyàn wò ó. Lẹ́yìn ogun, ní 1946, ó kan Philip Harben. Lásìkò yẹn ìjọba ló ń wọn oúnjẹ fáwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀nba ẹran, ìwọ̀nba bọ́tà, ìwọ̀nba ṣúgà, wọn ò sì jáwọ́ ńbẹ̀ pátápátá títí di 1954. Ẹ wá rò ó wò, ẹni tí ò rí ẹran sè ló jókòó tó ń wo ẹlòmíì tó ń dáná. Àìsàn ọkọ yín ti dàgbà ju ọkọ yín lọ.

Tẹ́ ẹ bá bi èmi, ọwọ́ ló ń wò. Ẹ wo ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn dójú àmì tó bá ń gé àlùbọ́sà, á ká orí ìka ẹ̀ wọnú, oríkèé ìka ló máa fi ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ, ṣóńṣó ọ̀bẹ kì í kúrò lórí pátákó, ìdí ẹ̀ ló ń lọ sókè tó ń wá sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú àlùbọ́sà ti di wẹ́wẹ́, ọ̀kan ò sì tóbi ju èkejì lọ. Kò tiẹ̀ wo ọ̀bẹ mọ́, ẹ̀yin ló ń wò, ó ń bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹni tẹ́ ẹ ti jọ mọra láti ọjọ́ pípẹ́. Kámẹ́rà á wá sún mọ́ páànù, máìkù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òróró á máa ta ṣàà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí àga kọ́ ló sì ń ta sí lára. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ṣe iṣẹ́ tí ò lórí tí ò nídìí, tí ọ̀gá ń dá fáìlì padà fún un, nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ lójú ẹ̀ tó sì parí lójú ẹ̀ kí wákàtí kan tó pé, ṣé kò ní dùn mọ́ ọn ni?

Ìwà tún wà ńbẹ̀ ṣá. Julia Child, alásè orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ti lé ní àádọ́ta ọdún díẹ̀ nígbà tí ètò ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1963, iléeṣẹ́ WGBH ní Boston ló ń gbé e jáde. Obìnrin yẹn ga fíofío, ohùn ẹ̀ á lọ sókè á tún já wálẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣa arẹwà fún tẹlifíṣọ̀n ò ní wo ọ̀dọ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ yí ọ̀dùnkún tó ń dín nínú páànù, ló bá jù ú sókè, ló bá ya, lapá kan bá bọ́ sórí sítóòfù. Kò ní kí wọ́n pa kámẹ́rà, ó fọwọ́ kó o padà, ó ní tó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan lo wà ní kíṣìnì, ta ló máa rí ọ. Títí dòní àwọn kan ṣì ń búra pé adìyẹ odindi ló bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn míì ní tòlótòló ni. Irọ́ ni jàre, ọ̀dùnkún ni, kò sì dé ilẹ̀. Ohun táwọn èèyàn nífẹ̀ẹ́ sí lára ẹ̀ nìyẹn, pé nǹkan bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tí ojú ò tì í.

Ti àlùbọ́sà yẹn ṣá, ẹ má yọ̀ǹda ẹ̀ fún un o. Ẹ gbé pátákó àtọ̀bẹ ka iwájú tẹlifíṣọ̀n, kó máa gé e bó ṣe ń wò.

Àǹtí mi, ṣé irọ́ làwọn èèyàn yìí ń pa ni? Wọ́n ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó jẹun, abọ́ tí mo sì fọ̀ ò lóǹkà. (Ebi Ń Pa Mí)

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Kì í ṣe irọ́ gidi, wọn ò kàn sọ gbogbo ẹ̀ fún ọ ni. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ óòfù ti gbóná, wọ́n ti bó àlùbọ́sà, iyọ̀ wà nínú abọ́ kékeré kan, ata wà nínú òmíì, ẹlòmíì ló wọ̀n ọ́n, ẹlòmíì náà ló máa fọ abọ́. Kíṣìnì kan tún máa ń wà lẹ́yìn kámẹ́rà tí o ò ní rí láéláé, àwọn tó wà ńbẹ̀ á ti se oúnjẹ kan náà sílẹ̀ lóríṣiríṣi ìpele, èyí tó ṣì tutù, èyí tó jinná dé ìdajì, èyí tó ti jinná tán tó ń dán, pẹ̀lú àfikún tí wọ́n á fi rọ́pò tí ọ̀kan bá jóná. Alásè á ti kéèkì bọ óòfù, kò ní dúró dè é, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fa òmíì yọ, á ní èyí tóun ti ṣe sílẹ̀ nìyí. Ìwọ ńkọ́, ta ló ṣe tìẹ sílẹ̀? Ọwọ́ tiwọn tún yá, torí iṣẹ́ tó ń gbọ́ bùkátà wọn ni. Nígbà tí Jamie Oliver, alásè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ètò oúnjẹ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ẹ̀ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Channel 4 níbẹ̀ ní 2010, àwọn òǹwòran pariwo gan-an pé tàwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà má dára ẹ lẹ́bi.

Ka resípì náà tán kó o tó tanná, gé gbogbo ohun tó bá yẹ ní gígé kí òróró tó gun iná, iye ìṣẹ́jú tí wọ́n bá pè sì rèé, sọ ọ́ di méjì. Tó bá jẹ́ ẹni tí kì í sáré lo fẹ́, wá Delia Smith lọ. Ní 1998 ó jókòó lórí BBC ó ń kọ́ odindi orílẹ̀-èdè bí wọ́n ṣe ń se ẹyin, àwọn alásè ẹgbẹ́ ẹ̀ kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ni ò mọ ẹyin sè. Ló bá di pé ẹyin ń tà wàràwàrà. Ó jọ pé àwọn tí ò mọ̀ ọ́n sè pọ̀ tí wọn ò rẹ́ni bi.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ọmọ mi ọkùnrin lóun fẹ́ dà bíi Gordon Ramsay, alásè orí tẹlifíṣọ̀n tó máa ń bú èèyàn yẹn. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Àmọ́ ní báyìí ó ti ń pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ní kíṣìnì, "kò tíì jinná! Gbé e kúrò níwájú mi!" Ṣé bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe rí nìyẹn? (Ìyá Ṣẹ́ẹ̀fù)

Ẹ bá mi kí Ramsay kékeré. Ẹ sọ fún un pé ariwo yẹn, ọjà ni, òun ni wọ́n fi ń polówó Hell's Kitchen, ètò ìdíje ìdáná Ramsay, láti 2004. Ẹ jẹ́ kó wo ọkùnrin kan náà nínú MasterChef Junior tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2013, níbi táwọn ọmọdé ti ń díje. Tọ́mọ bá ń sunkún pé oúnjẹ òun bà jẹ́, á lọ bá a, á rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, á bá a wá bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Ó mọ ibi tó ti ń pariwo.

Kó tó dẹni tó ń bú èèyàn, bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ fẹ́ máa gbá, ẹsẹ̀ ò jẹ́, ló bá lọ ń sin àwọn ọ̀gá alásè ní London, ó tún lọ sí Faransé, àwọn náà sì pariwo mọ́ ọn dáadáa. 1998 ló ṣí ilé oúnjẹ tiẹ̀, nígbà tó fi máa di 2001 ó ti gba ìràwọ̀ mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ Michelin, ìwé Faransé tó ń díwọ̀n ilé oúnjẹ, mẹ́ta yẹn ló sì ga jù. Apá tó gùn jù nínú ìtàn náà rèé, wọn kì í fi hàn níbi tí ariwo bá wà. Èmi ò kí ń wo àwọn ètò eléèébú yẹn pẹ́, ká sòótọ́, inú mi kì í dùn tí àgbàlagbà bá ń gbọ̀n nítorí ẹja. Ẹ fi sitúù kan lé ọmọ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé, kó sè é látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó fọ ìkòkò, kó nu sítóòfù, kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá jókòó bí adájọ́.

Ṣé lóòótọ́ ni pé oúnjẹ tó ti tutù làwọn adájọ́ máa ń jẹ nínú ìdíje? (Òfófó)

Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni. Tí ìdíje bá ti parí, kámẹ́rà á kọ́kọ́ ya àwo kọ̀ọ̀kan, àwọn olùdíje á wá máa bọ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá fi kan ẹni ìkẹyìn ọbẹ̀ ẹ̀ á ti dì. Àwọn adájọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí i tí wọ́n ń rìn káàkiri lásìkò ìdáná, tí wọ́n ń ki ṣíbí bọ ìkòkò oníkálukú. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa wo ojú wọn.