Ilẹ̀ tí odò ń bò: koríko ni kó ṣíwájú igi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní odò máa ń bo ilẹ̀ yín lọ́dọọdún, ẹ ò sì kọ́lé síbẹ̀ mọ́. Koríko àti igi ilẹ̀ wa lẹ fẹ́ gbìn kí ẹyẹ àti ẹran ìgbẹ́ lè padà síbẹ̀. Ẹ wá ń béèrè igi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rà. Ẹ má tíì ra igi kankan.

Èmi ra igi. Òṣogbo níbí ni, etí Odò Ọ̀ṣun. Tíìkì ni wọ́n tà fún mi, wọ́n ní ó ń yára dàgbà. Àṣé kì í tilẹ̀ ṣe igi ilẹ̀ wa. Oṣù kẹfà ni mo gbìn ín, nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án odò ti kún. Àwọn kan bá omi lọ. Àwọn tó kù dúró, ewé wọn pọ́n. Mo fa ọ̀kan báyìí, ó yọ wẹ́rẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ ti rà, òórùn ẹrẹ̀ ló kù sí mi lọ́wọ́.

Lọ́dún kejì mi ò gbin nǹkan kan. Mo ri igi gbígbẹ mélòó kan mọ́lẹ̀ láti etí omi wá sókè, mo kùn wọ́n lọ́dà funfun. Ibi tí ẹrẹ̀ bá yí ọ̀dà náà dé, ibẹ̀ lomi dé. Mo tún lọ wo Igbó Ọ̀ṣun, hẹ́kítà 75 tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Wọn kì í gégi níbẹ̀, wọn kì í dẹ̀gbẹ́. Mo kàn ń wo igi tó dúró létí omi ni o, mi ò já ewé kan.

Eèsún ni mo wá fi bẹ̀rẹ̀, lóṣù kẹrin. A kì í rà á. Ẹ gé èyí tó ti gbó ní oríkèé mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ ri méjì mọ́lẹ̀, kó dagun díẹ̀ síbi tí omi ń ṣàn lọ. Tí odò bá dé, á tẹ̀ ẹ́ ba, á kọjá, á tún dìde. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tó máa há sí i lára, ẹ múra àtiṣa á.

Lẹ́yìn ọdún kan ni mo kó igi wọ ẹ̀yìn eèsún: ògùrọ̀ àti abùrà síbi tí omi ń dúró, akòko àti ọ̀pọ̀tọ́ sókè. Èyí tí ò bá tíì ga tó ìbàdí, ẹrẹ̀ á bò ó.

Iná ló wá dùn mí ju omi lọ. Ọ̀yà ti wọ inú eèsún, ni àwọn ọdẹ bá tẹ̀ lé e, wọ́n tiná bọ̀ ọ́ nígbà ọyẹ́. Eèsún tún rú, akòko mi kú. Ní báyìí, kí ọyẹ́ tó mú, mo ti máa ń ro etí ilẹ̀ náà yíká, ẹsẹ̀ mẹ́wàá ní fífẹ̀.

Ẹ̀gà ti pọ̀ débi pé aládùúgbò mi ń bínú, wọ́n ti já imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀ tán. Tóṣù kẹrin bá dé, ẹ wá gé eèsún lọ́dọ̀ mi. Ẹ mú àdá tó mú dáadáa dání, ó ti ga jù mí lọ.