Èsì: Sàréè ọmọ ogun Àkúrẹ́ tó kú ní Bọ́mà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ará Àkúrẹ́. Ẹ ní ẹ ò rí sàréè àbúrò bàbá àgbà yín tó bógun Bọ́mà lọ. Ẹ wá a lórí cwgc.org, ìkànnì àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn ọmọ ogun Kọmọnwẹ́ẹ̀tì (Commonwealth War Graves Commission), ọ̀fẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé láàárín 3 Oṣù Kẹsàn-án 1939 sí 31 Oṣù Kejìlá 1947 ló kú ni. Bó bá darí wálé, tó wá kú lọ́dún 1950, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu níbẹ̀.

1. Ẹ tẹ orúkọ ìdílé láìfi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì mú Second World War.

2. Bí kò bá jáde, ẹ tẹ Akure tàbí Ondo sáyè orúkọ ìdílé. Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú nìyí: nígbà míì, orúkọ ìlú ni akọ̀wé ológun kọ síbẹ̀. Ẹ tún yí sípẹ́lì padà, Ogunleye lè ti di Ogunleyi.

3. Ẹ wo nọ́ńbà ológun rẹ̀. NA/ ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà àwọn Nigeria Regiment, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà.

Bí ẹ bá rí ibi ìsìnkú ológun tó ń jẹ́ Taukkyan War Cemetery, bíi 6. C. 12, abala kẹfà, ìlà C, sàréè kejìlá nìyẹn, ní nǹkan bíi kìlómítà 35 sí àríwá Yangon (Rangoon àtijọ́) ní Bọ́mà. Rangoon Memorial yàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọgbà kan náà ló wà: àwọn tí a ò mọ sàréè wọn ni wọ́n kọ orúkọ wọn síbẹ̀, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pé 27,000. Tó bá jẹ́ Rangoon Memorial lẹ rí, ẹ má sanwó fẹ́nikẹ́ni tó ní òun á bá yín wá sàréè.