Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ojú omi kò kúrò lójú kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin ni mò ń gbé, Jẹ́bà ni ọkọ̀ ojú omi mi wà. Ẹ́ńjìnnì MerCruiser inú rẹ̀ ń ké bí mo bá fún un níná, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò rìn, òórùn rọ́bà tó ń jó sì gba inú rẹ̀ kan. Ṣé gíà ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Òórùn yẹn jọ ti kọ́pílà, èyí tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọ̀pá gíà. Rọ́bà àárín irin rẹ̀ ló máa ń bó. Ẹ tú nọ́ọ̀tì mẹ́fà tó di gíà ìdí ọkọ̀ mú, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun rọ́bà dúdú, ẹjọ́ ti parí.

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde nìyẹn. Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà páìpù epo (ẹ dí ẹnu rẹ̀), ti omi, ti èéfín, àti wáyà. Ẹ tú bóòtì méjì ẹ̀yìn àti èyí tó kan ẹsẹ̀ iwájú mọ́ pákó. Nọ́ọ̀tì tó ń gbé ẹsẹ̀ iwájú ga, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ fa ẹ́ńjìnnì síwájú kí ẹ tó gbé e sókè.

Ẹ́ńjìnnì tí kò gún mọ́ gíà, tàbí bẹ́ríìnì gimbal (èyí tí ọ̀pá gíà ń gba inú rẹ̀ kọjá) tó ti jẹ, ló sábà máa ń pa kọ́pílà. Ẹni tó ra tuntun láì tún ìyẹn ṣe, agbọ̀n ló fi ń pọn omi. Bí ẹ bá dá ẹ́ńjìnnì padà, ẹ ti ọ̀pá ìdiwọ̀n (irin tí a fi ń wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì gún mọ́ gíà) wọ inú ihò gíà: agbára ìka méjì ló yẹ kó tó o. Bó bá le, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá yí nọ́ọ̀tì iwájú. Ẹ fi gíríìsì kun eyín ọ̀pá gíà dáadáa kí ẹ tó dá a padà.