Bátìrì ọ̀kadà tó ń kú lórí ìdúró: ẹ wọn iná tó ń jò kí ẹ tó ra òmíràn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdààmú. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí: Boxer 150 yín kì í yọ yín lẹ́nu tí ẹ bá ń gùn ún lójoojúmọ́, àmọ́ tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ ní agogo méje alẹ́ Jímọ̀ọ̀, tó bá fi máa di agogo mẹ́fà àárọ̀ Mọ́ńdè, sítátà ò ní yí mọ́. Ẹ ti ra bátìrì 5Ah tuntun (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́), kò yí padà. Rìwáyà wá ní kí ẹ lọ gbé 9Ah sí i, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an, torí owó tí àwọn tó ń ta bátìrì àti àwọn rìwáyà ẹ̀bá ọ̀nà ti fi gbà lọ́wọ́ èèyàn ti pọ̀ jù. Mítà kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn iná (múltímítà) ló máa sọ òótọ́, ó wà nínú àpótí wọn, wọn ò ní gbé e jáde. Wọ́n á wo bátìrì lójú, wọ́n á ní ó ti kú, wọ́n á tà òmíràn fún yín, ẹ ó sì tún máa ti ọ̀kadà láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá bátìrì ló ń jẹ ara rẹ̀ ni àbí ọ̀kadà ló ń fà á. Ẹ ṣáàjì rẹ̀ kó kún, ẹ tú négétíìfù, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀. Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi yẹ kó wà láàárín 12.6 sí 12.8 volt. Tó bá jẹ́ 12.2, ó ti ku ààbọ̀. Tó bá jẹ́ 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tí ẹ bá rí nǹkan bí 10.5 lára èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáàjì, yàrá kan nínú mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ ti kú, torí yàrá kọ̀ọ̀kan ló ń mú nǹkan bí 2.1 volt wá, kò sì sí ṣájà tó lè jí i. Ẹ tún fi sílẹ̀ láìso ó fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Tó bá dúró sí 12.5 sókè, bátìrì ò jẹ̀bi, ara ọ̀kadà ni kí ẹ kọjú sí.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà négétíìfù sá orí bátìrì, kó wá ní iná ò ta, nítorí náà kò sí ohun tó ń jò. Iná 30 mA (ẹgbẹ̀rún mA ló wà nínú amp kan) lè má ta rárá kí ẹ rí i, ó sì tó láti sọ bátìrì kékeré di òkú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Gílóòbù tí wọ́n fi ń dánwò náà ò sàn jù ú lọ: gílóòbù 10 W ń fẹ́ nǹkan bí 0.8 amp kó tó tàn dáadáa. 50 mA ò lè mú un pọ́n rárá. Rìwáyà á wò ó, kò tàn, á ní ọ̀kadà yín ò ní àìsàn, á sì gba owó iṣẹ́.

Négétíìfù ni kí ẹ tú, kì í ṣe pọ́sítíìfù. Tí sípánà bá kan irin ara ọ̀kadà nígbà tó wà lórí pọ́sítíìfù, iná á ta, ó sì lè jó yín lọ́wọ́. Kí kọ́kọ́rọ́ wà ní pípa, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Wáyà dúdú mítà lọ sí ihò COM, pupa lọ sí ihò 10A, kí ẹ sì yí mítà sí 10A ti DC. Ẹ wá fi ẹnu pupa kan wáyà négétíìfù tí ẹ tú, ẹnu dúdú kan orí négétíìfù bátìrì. Gbogbo iná tó bá ń sá lọ ló máa gba inú mítà kọjá. Tó bá kéré sí 0.2 amp dáadáa, ẹ gbé pupa lọ sí ihò mA kí nọ́ńbà lè hàn kedere. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi í sílẹ̀ ní 10A, torí tí ẹ bá gbé e lọ sí mA, fíúsì inú mítà máa jó. Ẹ ò gbọdọ̀ tẹ sítátà nígbà tí mítà wà láàárín. Tí ẹ bá sì parí, ẹ dá wáyà pupa padà sí ihò volt lójú ẹsẹ̀, torí ẹni tó bá gbàgbé tó wá fi í wọn volt bátìrì ti so pọ́sítíìfù mọ́ négétíìfù tààrà.

Ẹ má ka nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó bá hàn. Bí ẹ bá ṣe so mítà báyìí, tírákà (ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọ̀kadà wà) àti àláàmù á jí, wọ́n á fa iná púpọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó sùn padà. Ẹ lo wáyà tó ní ẹnu ìdimú kí ọwọ́ yín má baà gbọ̀n kó já, ẹ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Boxer tí wọn ò fi nǹkan kan kún lára rẹ̀ ò yẹ kó fa ju 1 mA lọ. Tírákà tó ti sùn lè máa fa nǹkan bí 5 sí 10 mA, ìyẹn ṣì fara dà fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ bá rí 50 mA, ìṣirò rẹ̀ nìyí: láti agogo méje alẹ́ Jímọ̀ọ̀ dé agogo mẹ́fà àárọ̀ Mọ́ńdè jẹ́ wákàtí 59, 0.05 amp ní ìlọ́po 59 jẹ́ nǹkan bí 2.95 Ah. Ó ti jẹ ju ààbọ̀ bátìrì 5Ah yín lọ, sítátà ò sì lè yí pẹ̀lú èyí tó kù.

Ẹ wá máa yọ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ojú yín wà lára mítà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí wọ́n fi kún un: ṣájà fóònù tó wà lórí ọwọ́ ọ̀kadà, iná LED, họ́ọ̀nù ńlá, àláàmù, tírákà. Àwọn tó ń so nǹkan wọ̀nyí fẹ́ràn láti gbé e lé orí bátìrì tààrà nítorí pé ó yá, wọn ò sì fi fíúsì sí i. Ìdí nìyẹn tí yíyọ fíúsì ọ̀kadà kì í fi í mú un. Wáyà tó ń ní iná nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn nìkan ni kí wọ́n so ṣájà fóònù àti LED mọ́, kí wọ́n fi fíúsì sí i. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kadà san-díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ má fọwọ́ ara yín tú tírákà tí olówó ọ̀kadà fi sí i o, ọ̀rọ̀ ńlá ló ń dá sílẹ̀; ẹ pe ẹni tó fi í sí i, kí ẹ fi nọ́ńbà mítà hàn án.

Tí ohun àfikún bá tán tí nọ́ńbà ò lọ sílẹ̀, ẹ lọ bá rẹ́kítífáyà, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní rẹ́gúlétọ̀: àpótí irin kékeré tó ní abẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, wáyà rẹ̀ ò gba inú súìṣì kọ́kọ́rọ́ kọjá, nítorí náà ó wà lórí bátìrì tọ̀sán-tòru. Dáyóòdù inú rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sí apá kan ṣoṣo: iná ń ti ara kọ́ìlì (wáyà inú ẹ́ńjìnnì tó ń pèsè iná) bọ̀ sínú bátìrì, kò gbọ́dọ̀ padà. Tó bá ti bàjẹ́, iná bátìrì á máa padà sínú kọ́ìlì ní gbogbo òru. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tí mítà bá já sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti mú un. Kókó kan tí wọn kì í sọ fún èèyàn ni pé dáyóòdù tó ń ṣàìsàn máa ń jò jù nígbà tó bá gbóná. Ẹ tún wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti ìrìn dé, kì í ṣe láàárọ̀ nìkan. Wọ́n lè fi mítà dán dáyóòdù wò kí wọ́n ní ó dára. Yíyọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ gbà gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jẹ́ súìṣì kọ́kọ́rọ́ tí omi òjò tàbí omi ìfọ̀ ti wọ̀, tàbí wáyà tó ti họ níbi ọrùn ọwọ́ ọ̀kadà. Tí súìṣì bá ní àyè P (àyè ìdúró tó ń jẹ́ kí iná ẹ̀yìn máa tàn), ẹ rí i pé kò sí níbẹ̀: gílóòbù ẹ̀yìn 5 W á mu bátìrì 5Ah tán láàárín nǹkan bí wákàtí 12.

Ẹ ò béèrè èyí, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bu ásíìdì kún bátìrì tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Omi ló máa ń fẹ́ lọ, ásíìdì ń dúró sínú rẹ̀, omi bátìrì tí kò ní ásíìdì nínú nìkan ni kí wọ́n fi kún un. Ásíìdì tí wọ́n ń dà lé e ló ń jẹ irin inú rẹ̀, ẹni tó dà á á sì padà ta òmíràn fún yín. Bátìrì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ásíìdì sí náà, kó sinmi fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n ṣáàjì rẹ̀ kó tó wọ ọ̀kadà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni kí ṣájà fún un: 0.5 amp fún 5Ah. Ṣájà ńlá tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì mọ́tò á sè é ni.

Tí ẹ bá ti tún ohun tó ń jò ṣe, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó sáré díẹ̀, kí ẹ wọn volt lórí bátìrì: 13.8 sí 14.5 ló dára. Kò tó 13, kò gba ṣáájì. Ju 15 lọ, rẹ́kítífáyà ti ń sè é. Ẹ má fi iná iwájú ṣe ẹ̀rí, torí nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, ara kọ́ìlì ló ti ń mú iná tirẹ̀ wá.

Ní ti 9Ah: rárá. 50 mA yẹn á dé ààbọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin dípò méjì, ìyẹn ni gbogbo èrè rẹ̀. Tí kò bá sì wọ àyè bátìrì dáadáa, ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà á já irin inú rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ rí síbí, ti ìgbà tó gbóná àti ti àárọ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n so mọ́ bátìrì yẹn.