Ẹ Bi Mí: Páànù Fífẹ̀ Ló Ń Se Sírọ́ọ̀pù Mépù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Igi mépù mẹ́ta ló wà lẹ́yìnkùlé ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí nítòsí Ottawa ní Kánádà. Aládùúgbò wa sọ pé a lè fi omi inú wọn se sírọ́ọ̀pù, omi dídùn tó ki bí oyin. Mo wo iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ ìsè rẹ̀, àyà mi já. Ṣé a lè fi ohun tí a bá rí ṣa jọ ṣe é? Ìyàwó mi ní kí n kàn gbé e ka iná gáàsì ní kíṣìnnì. — Bàbá Tómi

Ìdáhùn: Bàbá Tómi, ẹ kú oríire ilé. Ẹ lè ṣa á jọ dáadáa. Kí àwọn Òyìnbó tó dé ilẹ̀ yẹn ni àwọn Anishinaabe, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ti ń se omi mépù, kò sì sí ẹni tó ta ẹ̀rọ kankan fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kíṣìnnì. Lítà 40 omi igi ni ẹ máa sè kí ẹ tó rí nǹkan bíi lítà 1 sírọ́ọ̀pù, nítorí omi mépù kì í sábà ní ju ṣúgà ìdá 2 nínú 100 lọ. Ibo ni ẹ rò pé lítà 39 yòókù ń lọ? Tí ẹ bá sè é nínú ilé, ara ògiri àti àjà ni oru rẹ̀ máa lẹ̀ mọ́, ẹ óò sì máa fọ ohun tó ń lẹ̀ dẹ̀ǹdẹ̀n kúrò lára kọ́bọ́ọ̀dù. Ìta ni kí ẹ ti sè é.

Nínú gbogbo irinṣẹ́ yìí, ohun tí ẹ máa fi sè é ni mo kà sí jù. Ẹ fi ìkòkò jíjìn sílẹ̀. Ojú omi ni oru ti ń jáde, nítorí náà ohun tó fẹ̀ tí kò jìn ni kí ẹ wá, bí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí. Èmi fẹ́ràn àwọn páànù onígun mẹ́rin tí àwọn olóúnjẹ fi ń gbé oúnjẹ gbígbóná kalẹ̀ níbi àríyá, àwọn onírin tí kì í dípẹtà. Ẹ ra àlòkù wọn. Kí omi inú rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kí ẹ sì máa bù sí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń fà. Tí ẹ bá ti mú èyí tí ẹ fẹ́ bù sí i lọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, híhó rẹ̀ ò ní dúró.

Ààrò ńkọ́? Ẹ to búlọ́ọ̀kù yí ká lórí ilẹ̀ gbalasa, ẹ fi iwájú sílẹ̀ fún igi ìdáná, ẹ gbé ọ̀pá èéfín sí ẹ̀yìn. Páànù yẹn ni òrùlé rẹ̀. Kí ó bo ojú ààrò pátápátá, kí eérú má baà bọ́ sínú omi. Ọ̀pá èéfín ló ń fa iná gba abẹ́ páànù kọjá, torí náà ẹ má fò ó. Iná lè la búlọ́ọ̀kù, àmọ́ títún un tò kò le. Àwọn kan tiẹ̀ ń dá kábínẹ́ẹ̀tì onírin tí wọ́n ń kó fáìlì sí dùbúlẹ̀, wọ́n á gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kí páànù lè jókòó síbẹ̀. Ó burẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ dá iná asán sínú rẹ̀ kí ọ̀dà ara rẹ̀ jó tán.

Ohun tí iná ń kàn, ẹ gbé e níbikíbi. Ohun tí omi igi ń kàn ni kí ẹ ṣọ́. Àwọn garawa onírin àtijọ́ tí wọ́n ń tà níbi ọjà àlòkù lẹ́wà, àmọ́ òjé, tó jẹ́ májèlé, ni wọ́n fi jó ojú oríkèé púpọ̀ nínú wọn. Ẹ gbé wọn kọ́ ògiri fún ẹwà. Garawa ike tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀ rí, tó ní ìdérí, ló yẹ yín. Ẹ má lo èyí tí wọ́n po ọ̀dà sí.

Ní ti igi fúnra rẹ̀, kí èyí tí ẹ máa lu fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìbú. Ihò kan tó fún un: mìlímítà 8 ní fífẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 ní jíjìn, kí ó dagẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ síta kí omi lè ṣàn gba inú píìpù kékeré tí ẹ máa kì bọ̀ ọ́ sínú garawa. Lọ́dún tó bá tẹ̀ lé e, ẹ lu ibòmíràn. Òpin oṣù kejì sí oṣù kẹrin ni àsìkò rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, nígbà tí omi bá ń dì lóru, tí ó sì ń yọ́ lọ́sàn-án. Ẹ rì omi tí ẹ bá gbà mọ́ inú yìnyín, ẹ sì tètè sè é. Bí orí rẹ̀ bá dì, ẹ ju yìnyín orí rẹ̀ nù: omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, igi ìdáná yín sì ti dín kù nìyẹn.

Tó bá kù díẹ̀ kó jinná, ìyàwó yín jàre. Ẹ dà á sínú ìkòkò kékeré, ẹ gbé e wọ kíṣìnnì, nítorí páànù fífẹ̀ lórí iná igi lè jó o kí ẹ tó bojú wẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ fi tẹmọ́mítà wo ìwọ̀n tí omi lásán fi ń hó lọ́jọ́ náà, ẹ fi ìwọ̀n Celsius 4 kún un. Ibẹ̀ ló ti jinná. Tí kò bá dé ibẹ̀, á bàjẹ́. Tó bá kọjá rẹ̀, á dì sí ìdí ìgò. Bí ìfófòó bá fẹ́ gun òkè dà nù, bọ́tà tín-ín-rín kan á pa á rẹ́.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, sírọ́ọ̀pù tí mo sè ní iyanrìn nísàlẹ̀ ìgò. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ kò kàn án. Ṣé kí n dà á nù ni? — Màmá Vermont

Ìdáhùn: Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á nù. Èròjà inú igi fúnra rẹ̀ ló máa ń dì bí sírọ́ọ̀pù ṣe ń ki, kò sì ní ìpalára. Ẹ rọra da òkè rẹ̀ sínú ìgò mìíràn. Nígbà míì, ẹ fi aṣọ irun àgùntàn sẹ́ ẹ nígbà tó ṣì gbóná gan-an, ẹ sì rọ ọ́ sínú ìgò ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 85, kí ẹ dé e lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àsìkò ti parí? — Ọ̀dọ́mọkùnrin, Québec

Ìdáhùn: Àbúrò mi, wo orí ẹ̀ka. Nígbà tí ọ̀mùnú ewé bá ti ń wú, adùn omi náà á yí padà, kò sí iye ìsè tó lè tún un ṣe. Fa píìpù yọ, fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, má sì fi ohunkóhun dí ihò náà. Igi á dí i fúnra rẹ̀.